Ṣé bí aláàárù oògùn bá ṣe kéré tó ló ṣe ń dára tó? 30 nm, 80 nm àbí 120 nm?

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì lórí oògùn RNA, pàápàá siRNA, ègé RNA kékeré tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́, tí wọ́n fẹ́ kó dé inú ẹ̀dọ̀. Ẹnì kan ní kí n má da ara mi láàmú, pé ohun tó bá kéré ló ń ráyè wọ ibi tó há, kí n kọ 30 nm sílẹ̀ fún ìwọ̀n bọ́ọ̀lù tó ń gbé oògùn náà (nm ni nanomítà, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan). Ẹlòmíì ní 80 nm ni gbogbo ayé ń lò. Ẹlòmíì tún ní 120 nm ló ń gbé ẹrù púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé kékeré ló dára jù lóòótọ́, kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe oògùn yìí ò ṣe é ní 20 nm kí gbogbo wa sinmi?

*

Apẹja Olúwo

Àbúrò, ẹni tó ní kí o kọ 30 nm ń wo ibi tó há nìkan. Ibi tó ṣí sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gba oògùn mọ́ wa lọ́wọ́, ìyẹn kíndìnrín.

siRNA ò ju nǹkan bí 7 nm ní gígùn àti 2 nm ní fífẹ̀ lọ. Ohun tí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá tó nǹkan bí 6 nm, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀ bí ẹni sẹ́ ògì. Fi siRNA lásán sínú iṣan, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti ń bá ìtọ̀ lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gé RNA á gé e wẹ́wẹ́. Ìdí tí a fi wá aláàárù fún un nìyẹn. Mo ń pè é ní aláàárù nítorí iṣẹ́ aláàárù ọjà náà ló ń ṣe: ó ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èyí tí a ń lò jù ni LNP, bọ́ọ̀lù ọ̀rá tín-ín-tìn-ìn-tín tí RNA wà nínú rẹ̀.

Ààlà ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ààlà òkè wà nínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, ti ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bí 100 sí 110 nm, ká pín in dọ́gba. Ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti bá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lójúkojú, nítorí kò sí awọ mìíràn tó dí ọ̀nà lẹ́yìn ihò náà. Níbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tó ń wá edé àti ẹni tó ń wá ọ̀bọ̀kún kì í ra àwọ̀n olójú kan náà. Kọ́kọ́ mọ ojú àwọ̀n tí o fẹ́ gbà kọjá kí o tó mọ bí ẹrù rẹ ṣe máa tóbi tó. 30 nm ń kọjá, 80 nm ń kọjá, 120 nm ti ń fara gbún ògiri.

*

Agbélábù

Àlàyé àwọ̀n yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìbéèrè. Bó bá jẹ́ ti ojú àwọ̀n nìkan, 30 nm yẹ kó na 80 nm láyò. Kò nà án.

Ní 2016, Pieter Cullis àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Vancouver, ní Kánádà, ṣe LNP tó gbé siRNA, láti bíi 30 nm lọ sókè dé ohun tó ju 100 nm lọ, wọ́n sì fún eku ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú iṣan. Èyí tó tó nǹkan bí 78 nm ló pa jíìnì inú ẹ̀dọ̀ lẹ́nu mọ́ jù. Àwọn tó kéré gan-an wọ ara o, àmọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé kékeré ń tú. Mú bọ́ọ̀lù 30 nm, kí o gbà pé èèpo rẹ̀ nípọn 3 nm. Inú tó kù fún ẹrù jẹ́ nǹkan bí ìdajì gbogbo rẹ̀. Mú ti 90 nm pẹ̀lú èèpo kan náà: inú rẹ̀ ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ. Ìyẹn ni pé lára bọ́ọ̀lù kékeré, èèpo ìta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo rẹ̀, ojú ìta yẹn sì tẹ̀ kọrọdọ débi pé ọ̀rá ibẹ̀ ò dì mọ́ra dáadáa. Bó bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, àwọn purotéènì ibẹ̀ á máa já ọ̀rá náà gbà lára rẹ̀. Kó tó dé ẹ̀dọ̀, ọ̀rá tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún RNA nínú sẹ́ẹ̀lì ti ṣòfò lọ́nà.

Ẹ wá fi èyí kún un: kí la fi ń sọ LNP di kékeré? Ọ̀rá tí a so PEG mọ́ ni, ìyẹn okùn kẹ́míkà gígùn kan tó fẹ́ràn omi. Bí a bá fi í sí 1.5%, a ó rí bíi 60 sí 80 nm. Bí a bá gbé e lọ sí 5%, a lè rí bíi 30. PEG yìí náà ló ń bo ojú aláàárù tí ApoE ò fi ní ríbi bà lé. ApoE sì ni purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú LNP wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, láti ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rá LDL máa ń gbà wọlé. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán hàn ọ́ pé 30 nm kùnà, kọ́kọ́ bi í pé, PEG mélòó ló wà nínú ẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PEG ló jẹ̀bi, kí wọ́n wá di ẹ̀bi náà ru ìwọ̀n.

*

Apòògùn Àgbádárìgì

Ẹ má fi ihò ẹ̀dọ̀ ṣe òòṣà. Ọ̀nà mẹ́ta ni kò fi tó.

LNP kì í ṣe òkúta. Ó rọ̀, ó lè fún ara rẹ̀ pọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde kì í ṣe ti ìlẹ̀kẹ̀ líle tí ẹ lè fi wé ihò báyìí-báyìí.

Ìkejì, ìwọ̀n kọ́ ló ń yan ìlú tí ẹrù ń lọ. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, mú LNP tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, wọ́n fi ọ̀rá tó ní agbára iná pósítíìfù kún un lọ́pọ̀, ó sì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n fi ti nẹ́gétíìfù sí i, ó lọ sí ọlọ inú. Purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ ló yí padà. Bí ẹ bá gbé 80 nm yín kalẹ̀ láì sọ ohun tó wà lójú rẹ̀, ẹ ò tíì sọ ibi tó ń lọ.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù. Gbogbo wa ń jà lórí bí aláàárù ṣe máa dé sẹ́ẹ̀lì, nígbà tó sì dé, sẹ́ẹ̀lì gbé e mì sínú àpò kékeré kan, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ẹrù náà ń kú sí. Nínú 100 siRNA tó wọ sẹ́ẹ̀lì nípasẹ̀ LNP, 1 tàbí 2 péré ló ń jáde nínú àpò yẹn bọ́ sí ibi iṣẹ́. Ohun tó ń pinnu ìyẹn ni irú ọ̀rá tí a lò: ó ní láti gba agbára iná nígbà tí inú àpò náà bá kan, ní nǹkan bí pH 6.2 sí 6.5. Ẹni tó bá ní kí o fi ìwọ̀n nìkan yanjú oògùn RNA ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

*

Apẹja Olúwo

Àǹtí Apòògùn, mo gbà lórí ojú aláàárù, mo gbà lórí àpò. N ò gbà pé ká ti ìwọ̀n sẹ́yìn. Ohun tó há sójú ọ̀nà kì í dé ibi tí ọ̀rá rere ti máa ṣiṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹgbin tó jókòó sínú iṣan ẹ̀dọ̀ fẹ́ràn ohun tó tóbi, wọ́n á gbé e mì kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹrù. Bí bọ́ọ̀lù náà bá dì pọ̀ di gànnàkù tó fẹ̀ ju 5 µm lọ (µm kan jẹ́ 1,000 nm), inú iṣan tín-ín-rín ẹ̀dọ̀fóró ló máa há sí, ìyẹn sì lè pa aláìsàn.

Ìwọ̀n tún ń ṣe wá léṣe kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Asẹ́ 0.22 µm la fi ń yọ kòkòrò kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ti sún mọ́ 200 nm ń dí asẹ́ náà, ọ̀rá á kù sójú asẹ́, ìwọ̀n oògùn inú ìgò á dín, ẹni tó ń fi sínú ìgò ò sì ní mọ̀ àfi tó bá tún RNA rẹ̀ wọ̀n.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí Ọmọ Ìkòròdú fà ní ìlà sábẹ́: ojú àwọ̀n eku kì í ṣe ti ènìyàn. Irú eku tí wọ́n ń lò jù nínú lábù, ihò ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 140 nm. LNP 120 nm lè kọjá lára eku kó sì há lára wa. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kì í dọ́gba pẹ̀lú ara wọn: ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le nítorí mẹ́dọ̀wú tàbí ọtí, àwọn ihò yẹn ń dí, ti arúgbó náà ń dín kù. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ ni oògùn ẹ̀dọ̀ wà fún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ò lójú mọ́. Nítorí ìyẹn ni n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ 100 nm bí kò bá nídìí.

*

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀yin ń pe 78, 80, 120 bí ẹni ń wọn gàrí ní kóńgò. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé 80 ni 80?

*

Agbélábù

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ bi ara wọn nìyí.

Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ń lò ni DLS. Kì í rí bọ́ọ̀lù náà rárá. Ó ń tan iná lésà sínú omi, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ tó fọ́n ká ṣe ń gbọ̀n, ó wá ṣírò bí nǹkan inú omi náà ṣe ń yára rìn. Kékeré ń yára, ńlá ń fà. Láti inú ìyára yẹn ló ti ń gba ìwọ̀n. Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé pọ̀:

Bí ìwọ̀n bọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n á di 3 × 3 × 3 × 3 × 3 × 3, ìyẹn ìlọ́po 729. Bọ́ọ̀lù 180 nm kan ṣoṣo ń tàn bí 729 bọ́ọ̀lù tó jẹ́ 60 nm. Gànnàkù díẹ̀ tó bọ́ sínú omi á gbé "80" di "110" nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò ṣì jẹ́ 70. Ìdí nìyí tí a fi ń ka PDI pẹ̀lú rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe jọra tó. Lábẹ́ 0.2 ni a ń fẹ́. 80 nm tí PDI rẹ̀ jẹ́ 0.35 kì í ṣe 80 nm, àdàlù ni.

Ẹ̀tàn kejì ni ẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí tí a fi ń yọ́ ọ̀rá nígbà tí a bá ń pò ó. Bí o bá wọn LNP láì tíì fọ ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrò, omi tí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ki ju omi lásán lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ẹ̀rọ ò mọ̀. Bí o bá fi sílẹ̀ pé omi lásán ni, 70 nm á hàn bí 140. Ẹni tí kò mọ̀ á máa yí ọ̀rá rẹ̀ padà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀tàn kẹta: ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n? Ní pH 4 tí a ti ń pò ó, àwọn bọ́ọ̀lù náà kéré, wọ́n ní agbára iná, wọ́n ń lé ara wọn. Bí a bá gbé e lọ sí pH 7.4, agbára iná náà á lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara wọn, wọ́n á tóbi. Ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì ni ti ẹ̀yìn ìfọ̀, kí o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí 24.

Bí o bá lè rí cryo-EM, tó ń ya àwòrán wọn nínú omi dídì, lò ó láti fi yẹ DLS wò. Bí o kò bá rí i, má sọ nọ́ńbà rẹ ju bó ṣe mọ lọ. Kọ "nǹkan bí 80", má kọ "79.6".

*

Apòògùn Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ ìgbà tí a wọ̀n ọ́n yìí ló kan àwa tí a wà nídìí fíríìjì. Ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ sílẹ̀, ìgò tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lè máà ní i mọ́.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ àjẹsára COVID tí wọ́n fi mRNA ṣe, ìyẹn RNA gígùn tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì irú purotéènì tó máa ṣe. mRNA ti Pfizer ní lẹ́tà 4,284, kò sí bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe lè rìn láìní aláàárù. Láti -90 dé -60 °C ni wọ́n ń tọ́jú èyí tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n sì fi súkúrọ́ọ̀sì sí i kí yìnyín má baà fún àwọn bọ́ọ̀lù náà pọ̀. Ìgò tó kọ́kọ́ jáde yẹn, milílítà 1.8 omi iyọ̀ 0.9% la fi ń là á nígbà náà, kí a rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbà mẹ́wàá, kí a fa 0.3 mL fún ẹnì kan, kí a lò ó tán láàárín wákàtí mẹ́fà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má tún un dì. Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí fófòó ni. Rárá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti pàdé omi ni ọ̀rá náà ti ń ṣí, tí bọ́ọ̀lù méjì ń di ọ̀kan. Bí ó bá yọ́ tó tún dì, yìnyín á tì wọ́n mọ́ ara wọn.

Èyí tó burú ni pé ojú kì í rí i. LNP tó dára rí bí omidùn tí a bu omi là, èyí tó ti lọ sí 150 nm náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ojú bá fi rí ègé funfun nínú ìgò, ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Nítorí náà àkọsílẹ̀ ìgbóná-òun-òtútù fíríìjì ni ẹ̀rí wa, kì í ṣe ojú. Bí iná bá lọ lóru, tí kò sẹ́ni tó kọ aago tó lọ àti aago tó dé, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán dá ìgò náà láre.

Onpattro náà, ọ̀gá nínú siRNA tó ń lo LNP, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2018, ní asẹ́ tirẹ̀ nídìí ibùsùn aláìsàn: asẹ́ 0.45 µm nígbà tí a bá ń fà á, 1.2 µm lójú okùn dírípù. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 ló ń gbà kó tó wọ ara tán, ní 0.3 mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí a bá ti fún aláìsàn ní oògùn tí ara rẹ̀ ò fi ní bínú.

*

Ará Ìtòìkín

Gbogbo wàhálà yìí ṣe wá? Inclisiran, oògùn siRNA tó ń dín kolẹ́sítẹ́róòlù kù, ò ní bọ́ọ̀lù kankan. Wọ́n so ṣúgà GalNAc mọ́ siRNA, wọ́n fi abẹ́rẹ́ 284 mg sábẹ́ awọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ó dé ẹ̀dọ̀. Aláàárù ti lọ sílé.

*

Apẹja Olúwo

Fún siRNA tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, òótọ́ lo sọ, Ọmọ Ìkòròdú sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ má baà fi bi í. Ẹnu ọ̀nà tí ṣúgà yẹn ń kàn pọ̀ rẹpẹtẹ lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, wọ́n sì ti yí kẹ́míkà siRNA náà padà kó má tètè gé. Ṣùgbọ́n gbé mRNA fún ṣúgà kan kó rù ú, kó wá wò ó. Ẹrù náà tóbi ju aláàárù lọ, yóò gé kó tó rìn jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà yẹn ò mọ̀nà kankan ju ẹ̀dọ̀ lọ.

Kí n tún fi kún un, nítorí àwọn ènìyàn ń da méjì yìí pọ̀: tí a bá ń fà á símú fún ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀n ẹ̀kán omi inú afẹ́fẹ́, 1 sí 5 µm, ló ń pinnu ibi tó bà sí. Ìwọ̀n LNP inú ẹ̀kán náà ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń fọ́n ọn sì lè fọ́ LNP náà.

*

Agbélábù

Ti abẹ́rẹ́ inú ẹran ara náà yàtọ̀. Kékeré tí kò ju 200 nm lè bá omi ara ṣàn lọ sí àwọn kókó tó máa ń wú ní abíyá, ńlá á dúró síbi tí wọ́n gún títí sẹ́ẹ̀lì á fi wá gbé e. Ẹnì kan á wá ní kékeré ló dára fún àjẹsára nígbà náà. Moderna wò ó ní 2021: lára eku, àwọn tó kéré jù kò mú èròjà agbógunti-àrùn jáde tó bẹ́ẹ̀, lára ọ̀bọ, gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n dán wò ló ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹranko kan sọ pé ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì, èkejì ní kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Ìkòròdú, ìdáhùn mi fún siRNA tó ń gba iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀: kọ 70 sí 90 nm, PDI tí kò ju 0.2, kí o sì kọ bí o ṣe máa dé ibẹ̀. Nínú 100 mólékù: ọ̀rá MC3 (èyí tó ń gba agbára iná) 50, DSPC (ọ̀rá mìíràn) 10, kolẹ́sítẹ́róòlù 38.5, ọ̀rá PEG 1.5, nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù. RNA nínú citrate (omi kíkan) pH 4. Omi 3 sí ẹ́tánọ́ọ̀lù 1, kí wọ́n pàdé nínú ẹ̀rọ ìpòpọ̀ tí ọ̀nà inú rẹ̀ tín-ín-rín, ní nǹkan bí 12 mL ní ìṣẹ́jú kan. Bí o bá fi ọwọ́ àti pípẹ́ẹ̀tì pò ó, ó lè fo 100 nm kọjá, kí PDI rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí omi àti ẹ́tánọ́ọ̀lù ò tètè wọra. Fọ ọ́ lọ sí PBS (omi iyọ̀) pH 7.4. Lẹ́yìn náà fi àwọ̀ RiboGreen wọn RNA tó wà níta, fi Triton X-100 (irú ọṣẹ kan) tú bọ́ọ̀lù náà, tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ẹrù tó wà nínú. Bí kò bá tó 90%, má tíì sọ̀rọ̀ ìwọ̀n.

Bí olùkọ́ bá ní kí o fi 60 wé 80 wé 100, má fọwọ́ kan PEG. Ìyára ẹ̀rọ ni kí o dín kù, ó máa tóbi sí i láìyí ọ̀rá padà. Kí o sì rántí pé bí ìwọ̀n bá di ìlọ́po méjì, ẹrù inú bọ́ọ̀lù kan á di bí ìlọ́po mẹ́jọ, iye bọ́ọ̀lù inú abẹ́rẹ́ á sì dín kù bẹ́ẹ̀. Bí o bá fún eku méjèèjì ní RNA kan náà, bọ́ọ̀lù tí o fún wọn ò dọ́gba.

*

Apẹja Olúwo

Kí o kọ orúkọ ẹranko náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nọ́ńbà. "78 nm, eku." Má kọ "78 nm" nìkan.